Bámilóyè àti Àjà Mọ́tò Wa

Kí n tó sọ ohun tí ọkọ mi fi àjà mọ́tò wa ṣe, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí àjà mọ́tò náà fi ìyá mi ṣe, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo wàhálà yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Kòrólà wa ti dàgbà, kò sì dàgbà dáadáa. Aṣọ tí wọ́n fi bo àjà rẹ̀ nínú ti já kúrò lára páálí tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́, ó wá rọ̀ wálẹ̀ bí ikùn ẹni tó yó. Fóòmù tín-ín-rín tó wà láàrin aṣọ àti páálí ti di ìyẹ̀fun. Bí táyà bá kó sí kòtò báyìí, ìyẹ̀fun náà á dà sí wa lórí. Dípò kí Bámilóyè ọkọ mi wá ẹni tó máa tún un ṣe, ó kó píìnì wá láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó fi gún aṣọ náà káàkiri, ó ní ó parí. Ohun gbogbo ló máa ń parí lójú ọkùnrin yìí.

Ní ọjọ́ Àjíǹde tó kọjá, Màámi wá kí wa láti Ògbómọ̀ṣọ́, a sì fi mọ́tò yẹn gbé wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Bí wọ́n ṣe fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, píìnì kọ́ gèlè wọn. Wọ́n fà á. Gèlè tú, aṣọ àjà ya tẹ̀lé e, ìyẹ̀fun fóòmù sì dà sí wọn lórí, sí ojú, sí ẹnu tí wọ́n ti là láti kí ìyàwó pásítọ̀. Bí ẹni tó ti ọ̀dọ̀ ẹlẹ́lùbọ́ ń bọ̀ ni wọ́n ṣe wọ ilé Ọlọ́run lọ́jọ́ náà.

“Mojíbọ́lá,” ni wọ́n sọ fún mi nígbà tí a délé, “mi ò wọ mọ́tò yìí mọ́ láyé mi. Ṣé o gbọ́? Bí mo bá ń kú lọ, ẹ gbé mi sí ọmọlanke.”

Mo rẹ́rìn-ín nígbà yẹn. Ẹ̀rín náà kúrò lẹ́nu mi nínú oṣù Kẹsàn-án, nígbà tí aládùúgbò wọn, Ìyá Wosilat, pè mí pé Màámi ń tiro. Mo pe Màámi fúnra wọn. Wọ́n ní àwọn kàn yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀ ni, àwọn sì dìde, kí n má pariwo. Kí n má pariwo kẹ̀? Láti ìgbà tí bàbá mi ti kú, àwọn nìkan ló wà nínú ilé ńlá yẹn. Mo fẹ́ kí wọ́n wá máa gbé lọ́dọ̀ mi ní Ṣómólú. Mo fẹ́ máa gbọ́ ikọ́ wọn láti yàrá kejì. Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára gan-an. Mo bẹ̀ wọ́n, mo sunkún, mo bínú, mo tún bẹ̀ wọ́n. Níkẹyìn wọ́n ní àwọn á wá fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí àwọn fojú rí i. Bó bá tẹ́ àwọn lọ́rùn, àwọn á dúró. Bí kò bá tẹ́ àwọn lọ́rùn, àwọn á padà sílé àwọn, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ mọ́. Màámi kì í fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣeré.

Bọ́ọ̀sì ṣọ́ọ̀ṣì wọn tó ń bọ̀ ní Èkó ló máa gbé wọn, Onípanu ló sì máa já wọn sí. Láti Onípanu dé ilé wa ní òpópónà Bajulaiye, ní Ṣómólú, kò jìnnà, ṣùgbọ́n itan tó ń dùn wọ́n kò lè gun kẹ̀kẹ́ Márúwá. Mọ́tò wa ló kù. Mo wá sọ fún Bámilóyè pé kó gbé mọ́tò náà lọ bá àwọn tó ń rán ìjókòó mọ́tò ní Ọbanikoro, kí wọ́n bá wa fi aṣọ tuntun bo àjà rẹ̀, kí ìyá mi lè wọ̀ ọ́ kí inú wọn dùn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ọkọ mi ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Fún ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ ọ́n, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa fi páálí líle àti lẹ́dà di ìwé pírójẹ́ẹ̀tì àwọn akẹ́kọ̀ọ́, kó sì fi lẹ́tà góòlù kọ orúkọ wọn sí iwájú rẹ̀. Nínú gbogbo àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ ìwé ní Ṣómólú, mi ò tíì rí ẹni tó mọ̀ ọ́n dì tó o. Tìyangàn-tìyangàn ni mo fi sọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ìwé ni mo ní ó mọ̀ ọ́n dì, mi ò sọ nǹkan mìíràn.

“Ọbanikoro kẹ̀?” ló wí. “Mojí, jọ̀ọ́, dá mi lóhùn. Kí ló wà nínú àjà mọ́tò? Páálí. Kí ló wà lára páálí? Aṣọ. Kí ló so wọ́n pọ̀? Gọ́ọ̀mù. Ìwé nìyẹn! Ìwé ńlá ló wà lórí wa láti ọjọ́ yìí, mi ò sì fura.”

“Bàbá Ìfẹ́, jọ̀ọ́, gbé e lọ fún àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe.”

“Èmi ni mo mọ̀ ọ́n ṣe.”

Ó tú ọwọ́ tí èèyàn fi ń dìmú lókè fèrèsé, ó tú iná àárín, ó tú àwọn pátákó tó ń dí oòrùn, ó sì fa gbogbo àjà náà gba ẹnu ilẹ̀kùn jáde. Pálọ̀ mi ló gbé e wọ̀. Ó há aṣọ tó ti gbó kúrò, ó fi búrọ́ọ̀ṣì gbá fóòmù tó ti di ìyẹ̀fun, ìyẹ̀fun náà sì fò lọ bà sínú ọbẹ̀ mi. Mo pariwo. Ó ní kí n ṣe sùúrù, pé ó máa tó parí.

Nígbà tó gbá a mọ́ tán, a jọ wo páálí náà. Ó ká sísàlẹ̀ ní etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bí etí àwo ńlá tí wọ́n da ojú rẹ̀ bolẹ̀.

“Hẹ̀n-ẹ́n!” ni Bámilóyè ké, bí ẹni tó mú olè. “Mo ti rí i. Wo bó ṣe ká! Ọ̀rinrin ti wọ inú ẹ̀.”

“Ṣé kì í ṣe bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn? Ṣebí orí mọ́tò náà ṣe rogodo díẹ̀.”

Ó wò mí pẹ̀lú àánú. Mi ò lè gbàgbé ìwò yẹn. “Mojí, kò sí páálí tó yẹ kó ká. Páálí tó bá ti ká, ó ti bàjẹ́. Kíká yẹn gan-an ló já aṣọ náà kúrò lára ẹ̀. Bí mo bá di ìwé akẹ́kọ̀ọ́ tó wá ká báyìí, ó máa sọ ọ́ lù mí ni.”

Ẹ ò rí i pé tí èèyàn bá ti ń fojú ìwé wo ayé, ó ti tán. Ó ge páálí líle méjì, ó lẹ̀ wọ́n mọ́ ẹ̀yìn àjà náà kó má baà tún ká mọ́. Ó mú lẹ́dà pupa tó ṣókùnkùn tó máa ń lò fún pírójẹ́ẹ̀tì, ó fi bo iwájú rẹ̀, ó ká àwọn igun rẹ̀ wọlé bí ìgbà tí èèyàn ń bo Bíbélì. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, ó rẹwà. Ó ń dán. Mo fọwọ́ pa á, inú mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í dùn, bí mi ò tilẹ̀ fẹ́.

Ìgbà náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í to ẹrù lé e. Ìwé tí kò tíì gbẹ, wọ́n gbọ́dọ̀ fi ẹrù tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó lè tẹ́ pẹrẹsẹ, bí òfin iṣẹ́ wọn ṣe rí nìyẹn. Ó to ìdì bébà funfun lé e, ó gbé ọlọ mi lé e, ó gbé sílíńdà gáàsì lé e. Etí kan ṣì ń gbé sókè, ó bá jókòó lé e fúnra rẹ̀. Onílé wa, Àlájì Ràsákì, tí kò sí iṣẹ́ láyé tí wọn kò ní ìmọ̀ràn fún, wá gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Wọ́n wò ó títí.

“Bámilóyè, apá ibí yìí ṣì ń gbé sókè o,” ni wọ́n wí, wọ́n sì jókòó sí apá ibẹ̀.

Báyìí ni ọkọ mi àti onílé wa ṣe jókòó lórí àjà mọ́tò mi, tí wọ́n jọ wo bọ́ọ̀lù tán. Nígbà tí wọ́n bá gbá bọ́ọ̀lù wọlé, wọn ò dìde. Wọ́n kàn ń na ọwọ́ sókè kí iṣẹ́ má baà bàjẹ́.

Ní àárọ̀ Sátidé tí Màámi ń bọ̀, Bámilóyè gbé ẹrù kúrò. Àjà náà ti tẹ́ pẹrẹsẹ. Kò sí bí ẹ ṣe máa wò ó tẹ́ ẹ máa rí ibi tó ká. Ó fi ìka lù ú, ó ń dún kókó bí ojú tábìlì. Ó ti fi góòlù kọ nǹkan sí i ní iwájú, ó ní kí n má wò ó, pé ti Màámi ni.

Òun àti Àlájì wá fẹ́ gbé e padà sínú mọ́tò. Kò wọ̀ ọ́. Wọ́n fi èjìká tì í, wọ́n fi ẹsẹ̀ tì í, Àlájì dùbúlẹ̀ sórí ìjókòó ẹ̀yìn, wọ́n ń fi orúnkún tì í sókè, wọ́n ń sọ pé “Bísímílà”. Níkẹyìn ó wọ̀ ọ́. Àmọ́ ihò súkúrù kankan kò bá ara wọn mu mọ́, ọkọ mi bá gbé gọ́ọ̀mù àwọn oníbàtà, ó fi lẹ àjà náà mọ́ mọ́tò yípo.

“Ó parí,” ló wí.

Mo ṣílẹ̀kùn, mo jókòó. Orí mi kan àjà gbò! Mo sún mọ́lẹ̀. Ó ṣì kàn án. Orí mọ́tò ṣe rogodo lókè lọ́hùn-ún, àjà wa tẹ́ lọ gbọọrọ nísàlẹ̀, òfìfo tó wà láàrin àwọn méjèèjì sì tó kí ológbò bímọ sí. Abẹ́ tábìlì gan-an ni mo jókòó sí.

“Bámilóyè!” Tí mo bá ti pe orúkọ rẹ̀ báyìí, ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. “Ìyá mi ga jù mí lọ! Wọ́n á sì wé gèlè!”

“Wọn ò lè... wọn ò lè tẹ orí ba díẹ̀?”

“Yọ ọ́. Yọ ọ́ báyìí!”

Ó fà á. Àlájì fà á. Ẹ̀yin náà ṣá mọ gọ́ọ̀mù àwọn oníbàtà. Bàtà lè gbó tán, gọ́ọ̀mù yẹn ò ní tú. Ibi tí wọ́n ti ń fà á ni fóònù mi ti dún. Màámi ni. Wọ́n ti dé Onípanu, oòrùn ń pa wọ́n.

Orí ìdúró ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Èmi àti Bámilóyè ká ara wa bí ẹja gbígbẹ wọ mọ́tò náà, ọ̀nà ni mo sì ti ń ro ohun tí Màámi máa sọ. Wọ́n máa wò ó, wọ́n máa ní kí bọ́ọ̀sì gbé àwọn padà, ó sì parí nìyẹn. Mo kórìíra ọkọ mi fún bí ìṣẹ́jú mélòó kan. Mo kórìíra ìwé pàápàá.

Màámi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí wọn nínú bùbá àti ìró funfun, gèlè funfun lórí wọn. Mo rí i bí wọ́n ṣe ń fara ti igi tí wọ́n fi ń rìn, ẹ̀gbẹ́ kan ara wọn sì rẹlẹ̀. Wọ́n yọjú wo inú mọ́tò láti ìta.

“Ó mà dára o,” ni wọ́n wí. “Bámilóyè, o ṣe iṣẹ́.”

Lẹ́yìn náà wọ́n fẹ́ jókòó níwájú. Gèlè ló kọ́kọ́ kàn án, lẹ́yìn náà iwájú orí. Itan kò jẹ́ kí wọ́n lè tẹ̀ ba. Kí wọ́n tó lè sọ̀rọ̀, ọkọ mi ti sáré fa irin abẹ́ ìjókòó iwájú, ìjókòó náà sì ṣubú sẹ́yìn gbàà, tòun ti ìyá mi lórí rẹ̀.

“Yéè!”

“Ẹ má dìde, Màmá! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dìde! Ó ti dára báyẹn.”

Bí ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ṣe nà gbalaja. Èmi ká ara mi sí ẹ̀yìn awakọ̀, ọrùn mi wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, orí wọn sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ itan mi. Mo ń retí ìbínú. Àmọ́ òkè ni Màámi ń wò. Ìgbà náà ni mo rí ohun tí ọkọ mi fi góòlù kọ, lẹ́tà ńláńlá bíi ti iwájú ìwé pírójẹ́ẹ̀tì: DÉBORÀ ỌDẸ́TÚNJÍ. Ọdún tí a wà yìí ló sì wà lábẹ́ rẹ̀.

“Bámilóyè.”

“Màmá.”

“Orúkọ mi nìyí.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá.” Inú rẹ̀ dùn, ọ̀dẹ̀ náà. “Ẹ̀yin ni mo kọ ọ́ fún.”

“O wá kọ ọdún sábẹ́ ẹ̀.”

“Bí a ṣe máa ń kọ ọ́ nìyẹn, Màmá.”

“Níbo lẹ ti máa ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀? Ní itẹ́ òkú?”

Ọkọ mi bá kọjú sí ọ̀nà. Ó ṣáná sí mọ́tò, ó fi igbá àyà tẹ stíárìn, a sì yà sí Bajulaiye. Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn tútù kò ṣiṣẹ́, gbogbo fèrèsé ló wà ní ṣíṣí. Ohun tí àwọn ará ìta rí ni ìyá arúgbó kan nínú aṣọ funfun, tó nà gbalaja, tó di ojú nítorí oòrùn, pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ tó ń sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ àti awakọ̀ tó sorí kọ́. Bàbá kan ṣí fìlà. Obìnrin kan tó ń ta bọ́ọ̀lì fọwọ́ lérí, ó ní, “Áà! Ọlọ́run á tù yín nínú o!” Àwọn oníkẹ̀kẹ́ wo inú mọ́tò, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya fún wa. Láti ọjọ́ tí mo ti ń gbé Bajulaiye, oníkẹ̀kẹ́ kankan ò ya fún mi rí.

“Kí ló dé tí wọ́n ń kí wa?” ni Màámi béèrè láìlajú.

“Wọ́n mọ Bàbá Ìfẹ́ ní àdúgbò yìí, Màámi,” ni mo dáhùn. Irọ́ ni, kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Iwájú àwọn ṣọ́ọ̀bù atẹ̀wé ni mọ́tò tó wà níwájú ti dúró, a náà dúró. Godspower, tó máa ń tẹ pósítà, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí ti ọkọ mi, rí wa. Ó sáré wá, ó ki orí bọ fèrèsé.

“Ọ̀gá Bámilóyè! Haa! Na Mama be this? Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ kú ìrọ́jú.” Ojú rẹ̀ korò fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà iṣẹ́ wọ inú rẹ̀. “Ẹ má worry rárá. Pósítà, ìwé ètò ìsìnkú, bánà, èmi ni màá ṣe gbogbo ẹ̀. Full colour! Ẹ má lọ bá ẹlòmíì o. Ọdún mélòó ni Mama kí wọ́n tó lọ?”

Màámi la ojú.

“Mi ò tíì lọ,” ni wọ́n wí. “Onípanu ni mo ti ń bọ̀.”

Ẹ̀yin ará, Godspower ké “Blood of Jesus!”, ó fò sẹ́yìn, ó ṣubú lé àwọn kàlẹ́ńdà tí ẹnì kan tò sí iwájú ṣọ́ọ̀bù, ó dìde, ó wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Ìyá oníbọ́ọ̀lì sá. Bàbá tó ṣí fìlà dé e padà.

“Ẹ pè é!” ni Màámi ń pariwo láti orí ìdùbúlẹ̀. “Ẹ pè é padà! Àwòrán wo ló fẹ́ lò? Kó má lo èyí tí mo ti dijú o!”

Wọ́n wá bú sẹ́rìn-ín. Mi ò tíì gbọ́ ẹ̀rín yẹn láti ìgbà tí bàbá mi ti kú. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di itan mú, wọ́n ní ó ń dun àwọn, wọ́n tún ń rín in. Ọkọ mi náà bẹ̀rẹ̀, orí rẹ̀ sì ń kan àjà gbò, gbò. Èmi tí mò ń sunkún, mi ò mọ èyí tí mò ń ṣe mọ́.

Díẹ̀díẹ̀ ni ẹ̀rín náà rọlẹ̀. Màámi na ọwọ́ sẹ́yìn, wọ́n di ọwọ́ mi mú.

“Mojí, mi ò sọ òótọ́ fún ẹ,” ni wọ́n wí. “Ọjọ́ tí mo ṣubú yẹn, mi ò dìde. Mi ò lè dìde. Àárọ̀ ni. Báyìí gan-an ni mo ṣe wà nílẹ̀, mò ń wo òkè. Mo pe èèyàn títí ohùn mi fi lọ. Mò ń gbọ́ wọn tí wọ́n ń kọjá lójú títì, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ìrọ̀lẹ́ ni Ìyá Wosilat tó wá dá abọ́ mi padà.”

Gbogbo ọjọ́ yẹn, mo wà ní Ṣómólú níbí, mo jẹun, mo wo tẹlifíṣọ̀n. Mo fọwọ́ lé iwájú orí wọn, mi ò sì gbé e kúrò.

“Lónìí mo tún nà sílẹ̀, mo tún ń wo òkè,” ni Màámi wí. “Àmọ́ kò sí ẹni tó kọjá tí kò yọjú wò mí. Ọmọ yẹn tiẹ̀ fẹ́ sin mí.” Wọ́n tún rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Nígbà tí a dé iwájú ilé, Àlájì Ràsákì sáré jáde láti bá wa gbé wọn sọ̀ kalẹ̀. Màámi ní kí wọ́n dúró ná, wọ́n ní kí n bá àwọn pe Ìyá Wosilat. Mo pè é, mo gbé fóònù sí wọn létí níbi tí wọ́n dùbúlẹ̀ sí.

“Ìyá Wosilat, ẹ kú ilé o. Mo ti dé. Ẹ gbọ́, àwọn adìyẹ mi yẹn, ẹ wá kó wọn lọ sílé yín. Rárá, kì í ṣe pé kẹ́ ẹ bá mi tọ́jú wọn. Ẹ kó wọn. Gbogbo wọn ni, títí kan àkùkọ.” Wọ́n ń gbọ́ ohun tí onítọ̀hún ń sọ. “Ọ̀sẹ̀ méjì kọ́. Mo ní mo ti dé.”